Olórí Olùtẹ́tísílẹ̀ ti Òkè-Àlùbáríkà

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ súnmọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ bá wà nípò, ẹ rọra jókòó, nítorí mi ò mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí máa bà. Ọkùnrin kan wà ní káńsù Òkè-Àlùbáríkà, níbi tí Muṣin ti kọjú sí Ládìpọ̀, tí Ọlọ́run fún ní etí méjì bó ṣe fún gbogbo wa, ṣùgbọ́n tí kò rí nǹkan mìíràn fi wọ́n ṣe ju pé kó fi wọ́n gbé fìlà ró. Orúkọ rẹ̀ ni Julius Oyèníran. Òun ni káńsẹ́lọ̀ tó ń bójú tó ètò ìlera. Tí ẹ bá pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran, kò ní dáhùn. Tí ẹ bá pè é ní Ọ̀nọ́rébù, á yíjú díẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá pè é ní "Ọ̀nọ́rébù Julius Oyèníran, Aláàánú Gbogbo Ara, Òògùn Tí Ń Sọ̀rọ̀, Ẹni Tí Ibà Gbúròó Tó Sá" ló tó máa bi yín pé kí lẹ fẹ́.

Tàjùdéèn ló máa ń pe gbogbo orúkọ yìí tẹ̀ léra. Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni, apárí tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó ṣílẹ̀kùn, kó pàtẹ́wọ́ ṣáájú àwọn yòókù, kó sì máa pariwo "Ọgbọ́n ńlá!" nígbàkígbà tí ọ̀gá rẹ̀ bá sín. Lọ́jọ́ kan tí ọyẹ́ mú gan-an, Ọ̀nọ́rébù sín lẹ́ẹ̀mọkànlá nínú ìpàdé. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé ó mú àbá mọ́kànlá wá, káńsù sì fọwọ́ sí mẹ́jọ nínú rẹ̀.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn tí lẹ́tà kan fi dé láti ọ̀dọ̀ àjọ kan tí wọ́n ń pè ní Tẹ́tí-Gbọ́. Lẹ́tà náà ní àwọn èèyàn kan wà ládùúgbò tí ayé sú débi pé wọ́n ń gbẹ̀mí ara wọn, àti pé kì í ṣe dókítà nìkan ló lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Onídìrí, bábà, mẹkáníìkì, télọ̀, oní-Márúwá, gbogbo àwọn tí aráàlú ń bá tàkúrọ̀sọ lójoojúmọ́, tí wọ́n bá kọ́ wọn dáadáa, wọ́n lè tètè rí ẹni tí nǹkan ò rọgbọ fún, kí wọ́n sì mú un dé ibi tí wọ́n á ti tọ́jú rẹ̀. Àjọ náà fẹ́ fi ọjọ́ méjì kọ́ ogójì èèyàn.

Ọ̀nọ́rébù ka lẹ́tà náà dé ìlà kejì, ó sinmi.

"Tàjùdéèn, wọ́n ní ìbànújẹ́ wà ní káńsù mi."

"Ìbànújẹ́ kẹ̀? Ta ló fún un láyè, sà?"

"Wọ́n ní kí á wá àwọn tí á máa tẹ́tí sílẹ̀ sí aráàlú."

"Ṣé ẹnì kan tún wà tó mọ̀ ọ́n tẹ́tí sílẹ̀ bíi tiyín ni? Ẹ̀yin tí ẹ sọ̀rọ̀ fún wákàtí mẹ́rin lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tí ẹ sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán láìtòògbé!"

Ọ̀nọ́rébù ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, ó rí i pé òótọ́ ni. Ojú ẹsẹ̀ ló fa gègé yọ, ó sì yan ara rẹ̀ ní Olórí Olùtẹ́tísílẹ̀ Òkè-Àlùbáríkà, títí ayé.

Ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ pé. Ẹni tí àjọ náà rán wá ni Nọ́ọ̀sì Basheerah, obìnrin kúkurú kan tí kì í gbóhùn sókè, tó ti ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn dàrú fún ogún ọdún. Aago mẹ́jọ ti lu nígbà tó dé pẹ̀lú bébà ńlá tó fẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri. Ogójì èèyàn ti jókòó. Wọ́n kọ ọ́ sínú ètò pé Ọ̀nọ́rébù á fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣí i.

Aago mẹ́sàn-án ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti bí i ni.

"Agbẹ̀bí gbá mi nídìí pé kí n sunkún," ló wí, tó gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rẹ́rìn-ín! Mo bojú wò ó, mo ní, màmá, ẹ kú iṣẹ́!"

Tàjùdéèn pàtẹ́wọ́. Àwọn yòókù náà pa á, nítorí wọn ò tíì pín oúnjẹ.

Lọ́jọ́ kejì, ó dé ilé ìwé gíga. Nọ́ọ̀sì Basheerah dìde lẹ́ẹ̀mẹta. Tàjùdéèn fọwọ́ dá a jókòó lẹ́ẹ̀mẹta. Ohùn Ọ̀nọ́rébù ló ṣàánú wọn, ó há nígbà tí aago mẹ́rin ku díẹ̀, nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sì ṣẹ́ kù fún ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ méjì.

Nọ́ọ̀sì Basheerah ò tiẹ̀ ráyè lẹ bébà rẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n mú kókó," ló wí. "Tí ẹ bá rí ẹni tó yí padà, tí oúnjẹ ò wọ̀ ọ́ mọ́, tí ò rí oorun sùn, tó ń fi ohun tó fẹ́ràn tọrẹ, tó ń sọ pé ẹrù lòun jẹ́ lọ́rùn àwọn èèyàn, ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ bi í ní tààràtà pé, 'Ṣé ò ń rò ó láti pa ara rẹ?' Ẹ má bẹ̀rù pé ìbéèrè yẹn ló máa gbé èrò náà sí i lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti ń dá ẹrù rù, ara máa ń tù ú pé ẹnì kan tiẹ̀ rí òun. Tí ẹ bá ti bi í tán, ẹ panu mọ́, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ẹ má wàásù fún un. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ pè mí, tàbí kí ẹ tẹ̀ lé e dé ilé ìwòsàn."

Onídìrí kan tó ń jẹ́ Làbákẹ́, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí géètì káńsù, kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn páálí òwú ìdìrí tó wà nínú báàgì rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀nọ́rébù ti fò dìde, ohùn tó há náà ti là.

"Pa ara kí ni? Lábẹ́ òrùlé tí mo ti sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì? Irú ọ̀rọ̀ yẹn ò gbọdọ̀ jáde ní káńsù mi! Mo ti yí ìbéèrè yẹn padà. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tí ẹ bá rí tó fajú ro, ohun tí ẹ ó bi í ni pé, 'Ṣé o ti rí iṣẹ́ tí Ọ̀nọ́rébù ń ṣe?' Inú rẹ̀ á dùn wẹ́rẹ́."

Wọ́n pín satífíkéètì. Àwòrán Ọ̀nọ́rébù gba iwájú rẹ̀ tán, ẹ̀yìn ni wọ́n wá kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ì bá ti tán nìyẹn, ká ní ọ̀gá àjọ náà, Dókítà Moyọ̀sọ́lá, kò ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì sí i, láti wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Orí Ọ̀nọ́rébù wú. Ó pe ogójì akẹ́kọ̀ọ́ náà jọ, ó pàṣẹ pé kí oníkálukú mú olùbànújẹ́ márùn-ún wá lọ́jọ́ náà, kí òun lè mú inú wọn dùn níṣojú Dókítà.

"Igba èèyàn!" ló wí. "Màá pa wọ́n lẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà!"

Ẹ̀yin ará, ẹ ò rí ìyà tó jẹ Muṣin lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n mú ọkùnrin kan ní Ládìpọ̀ tó kàn ń wo gíá-bọ́ọ̀sì tó rà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ti mọ́tò òun. Oní-Márúwá kan gbé ọkùnrin kan tí ehín ń ro, kò gbé e lọ sí ibi tó ń lọ mọ́, káńsù ló gbé e lọ. Wọ́n wọ́ ìyá kan kúrò nídìí ọlọ ata, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń ké pé, "Ata ni! Ẹ gbà mí o, ata ni!" Bábà kan tiẹ̀ mú bàbá kan tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ń tẹ̀ lé fìdí rẹmi, ó ní ìbànújẹ́ kan náà ni.

Kí ó tó di ọjọ́ kẹta, gbogbo àdúgbò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín tipátipá. Èèyàn á fẹsẹ̀ gbá òkúta, á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á mú iná lọ, gbogbo òpópónà á yín ehín sínú òkùnkùn. Wọ́n ń gbé òkú kan lọ sí ibi ìsìnkú nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn tó tẹ̀ lé e ń rẹ́rìn-ín músẹ́ títí wọ́n fi kọjá géètì káńsù. Tàjùdéèn sáré wọlé.

"Ọ̀nọ́rébù, ẹ kú oríire! Ìbànújẹ́ ti tán ní Muṣin!"

"Mo mọ̀," ni Ọ̀nọ́rébù wí. "Mo ti ń fura sí ara mi."

Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí ìbànújẹ́ rẹ̀ ò tán, kò sì jìnnà sí Ọ̀nọ́rébù ju ìwọ̀n apá kan lọ. Síkírù, dírébà rẹ̀, ni. Mo sọ orúkọ rẹ̀ fún ẹ̀yin ni o, nítorí ọ̀gá rẹ̀ ò bèèrè rí. "Dírébà" ló ń pè é láti ọdún mẹ́sàn-án, láti orí àga ẹ̀yìn tí òun ti ń wo ìpàkọ́ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn, Síkírù gbìyànjú. "Ọ̀gá," ló wí lójú ọ̀nà Ìjẹ̀ṣà, "ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. Ilé ò rọgbọ fún mi mọ́ láti ìgbà tí…"

"Ilé!" ni Ọ̀nọ́rébù figbe ta. "Ilé ìlera! Ìyẹn ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí Dókítà bá dé. O ṣeun, Dírébà." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ ìkíni rẹ̀ dánra wò, títí wọ́n fi dé Yábàá.

Lọ́jọ́ kejì, Síkírù tún ní, "Ọ̀gá, mi ò rí oorun sùn."

"Èmi náà," ni Ọ̀nọ́rébù dáhùn. "Àwọn ẹni ńlá kì í sùn."

Ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ọ̀nọ́rébù wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì káńsù, ó ń yan aṣọ tó máa wọ̀. Síkírù jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù Làbákẹ́, níbi tó ti máa ń dúró de ọ̀gá rẹ̀. Làbákẹ́ ń tú irun orí oníbàárà kan, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà níta. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí ọkùnrin yìí ò ra nǹkan kan jẹ. Lánàá ló gbé rédíò kékeré tó máa ń fi gbọ́ bọ́ọ̀lù fún fọganáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Ẹ máa lò ó," ló wí, "kò wúlò fún mi mọ́."

Làbákẹ́ wo ẹ̀yìn páálí òwú rẹ̀. Ó bẹ oníbàárà pé kó fún òun láyè díẹ̀, ó sì lọ jókòó ti Síkírù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò jẹun."

"Ebi ò pa mí, Àǹtí Làbákẹ́."

Ìbéèrè tí Ọ̀nọ́rébù fi lélẹ̀ wà níbẹ̀, ó rọrùn láti bi èèyàn, kò sì lè ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní kankan.

"Ẹ má bínú sí mi o," ló wí wẹ́rẹ́. "Ṣé ẹ ń rò ó láti pa ara yín ni?"

Síkírù ò gbójú sókè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí."

Làbákẹ́ ò pariwo, kò sì wàásù. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi. Mi ò lọ síbì kankan." Ó sì gbọ́ ọ. Oníbàárà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, tí ìdajì orí rẹ̀ ti tú, tí ìdajì sì wà ní dídì, jókòó jẹ́ẹ́ fún wákàtí kan ààbọ̀, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ fẹ́ tán, Làbákẹ́ pe Nọ́ọ̀sì Basheerah lórí fóònù, nígbà tó sì dé, àwọn mẹ́ta jọ wọ Márúwá lọ sí ilé ìwòsàn. Làbákẹ́ dúró tì í títí wọ́n fi rí dókítà, tí wọ́n fi fún un lọ́jọ́ tó máa padà wá, tí ẹ̀gbọ́n Síkírù kan sì wá láti Ìgànmú pé ọ̀dọ̀ òun ni yóò máa sùn.

Ọ̀nọ́rébù sọ̀ kalẹ̀, kò rí dírébà. Ó bínú, ó fi Tàjùdéèn rọ́pò rẹ̀, Tàjùdéèn sì wa mọ́tò náà gba inú gọ́tà.

Ọjọ́bọ̀ wá pé. Igba olùbànújẹ́ tí Ọ̀nọ́rébù ń retí, mẹ́tàdínlógún péré ni wọ́n rí mú. Àwọn yòókù ti kọ́ ẹ̀rín. Ni Tàjùdéèn bá dá ọgbọ́n. Ó kó àwọn òṣìṣẹ́ káńsù jókòó, ó fún oníkálukú ní àlùbọ́sà tí wọ́n gé nínú ańkáṣífì. Nígbà tí Dókítà Moyọ̀sọ́lá wọlé, arúgbó obìnrin tó fi gíláàsì kọ́rùn, gbogbo gbọ̀ngàn ló ń sunkún bí ẹni tí ọba wàjà fún. Àlùbọ́sà náà pọ̀ débi pé alága káńsù fúnra rẹ̀, tó fẹ́ kí àlejò káàbọ̀, sọ pé "Inú wa dùn gan-an," ó sì bú sẹ́kún.

Dókítà nu ojú tirẹ̀. "Mi ò ní pẹ́," ló wí. "Ìdánwò kékeré kan ni. Ẹnì kan á sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, olùtẹ́tísílẹ̀ á sì sọ ohun tó gbọ́ fún wa. Mo gbọ́ pé ẹ ní Olórí Olùtẹ́tísílẹ̀."

Tàjùdéèn ti ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀nọ́rébù bọ́ síwájú.

"Ta ló fẹ́ sọ̀rọ̀?" ni Dókítà bèèrè. "Kò sí tipátipá o."

Lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ọwọ́ kan lọ sókè. Síkírù ni. Nọ́ọ̀sì Basheerah wò ó bíi pé, ṣé ó dá ọ lójú? Ó mi orí pé ó dá òun lójú. Ó rìn wá síwájú.

"Ìyàwó mi, Aneesah, ló kú lọ́dún méjì sẹ́yìn," ló bẹ̀rẹ̀. "Télọ̀ ni. Títí dòní, tí mo bá gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ, mo máa ń bojú wẹ̀yìn. Ọmọ wa wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Tí mo bá pè é, á ní, 'Ta ni?' Ó dé ibì kan tí mi ò rí ìdí tí mo fi ń jí láàárọ̀. Ẹnì kan wá jókòó tì mí, ó bi mí léèrè, ó sì gbọ́ ìdáhùn mi. Wọ́n ń tọ́jú mi báyìí. Kò tíì tán, àmọ́ mo jẹun láàárọ̀ yìí."

Kò sẹ́ni tó nílò àlùbọ́sà mọ́ nínú gbọ̀ngàn náà.

Ọ̀nọ́rébù ń kọ́? Ní gbogbo àkókò yẹn, ó ń rò ó bóyá apá ọ̀tún Dókítà lòun máa dúró sí nígbà tí wọ́n bá ń ya fọ́tò ni, tàbí apá òsì.

"Ọ̀nọ́rébù, kí lẹ gbọ́?"

Ó wúkọ́. "Ẹ̀yin èèyàn mi! Arákùnrin wa yìí, ògbóǹtarìgì télọ̀, gbéra láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní òun gbọ́dọ̀ wá fojú rí iṣẹ́ tí à ń ṣe níbí…"

"Ìyàwó rẹ̀ ń kọ́?" ni Dókítà dá a dúró.

Ọ̀nọ́rébù wo Tàjùdéèn. Tàjùdéèn, láti gbà á sílẹ̀, di ojú méjèèjì, ó gbé orí lé èjìká, ó yọ ahọ́n jáde díẹ̀.

"Ó ń sùn!" ni Ọ̀nọ́rébù dáhùn pẹ̀lú ìdùnnú. "Ó ń sùn nílé. Iṣẹ́ ti rẹ̀ ẹ́."

"Yéè!" ni gbogbo gbọ̀ngàn ké.

Dókítà gbé gíláàsì rẹ̀ sójú. "Ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ta ni?"

Ọ̀nọ́rébù wo ojú Síkírù dáadáa, ó wò ó látòkè délẹ̀. "Mi ò rí i rí. Àlejò ni."

"Èmi ni dírébà yín, sà," ni Síkírù wí.

"Irọ́ ńlá! Ṣé mi ò mọ dírébà mi ni? Ọdún mẹ́sàn-án!"

Síkírù ò bá a jiyàn. Ó yíjú padà, ó ń lọ jókòó. Bí ìpàkọ́ rẹ̀ ṣe kọjú sí Ọ̀nọ́rébù báyìí, inú ọkùnrin náà dùn, ó na ọwọ́ síwájú.

"Háà! Dírébà! Ìgbà wo lo dé?"

Ẹ̀rín tó bú jáde nínú gbọ̀ngàn yẹn, wọ́n gbọ́ ọ dé Ládìpọ̀. Ọkùnrin tí ehín ń ro rẹ́rìn-ín débi pé ó gbàgbé ehín. Ṣùgbọ́n kò pẹ́, ẹ̀rín náà rọlẹ̀, gbogbo èèyàn sì ń wo Ọ̀nọ́rébù. Ó ya ẹnu, kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láyé rẹ̀ nìyẹn. Dókítà pa fáìlì rẹ̀ dé. Ó ní àjọ òun á tún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe fún ọjọ́ méjì gbáko, láìsí ọ̀rọ̀ ìṣíde, kí Nọ́ọ̀sì Basheerah sì mú Làbákẹ́ mọ́ra gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ kejì.

Alága nu omi àlùbọ́sà kúrò lójú, ó sì ríran kedere. Kí ọjọ́ náà tó rọ̀, lẹ́tà ti wà lórí tábìlì Ọ̀nọ́rébù pé káńsù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó lọ sinmi. Tàjùdéèn ló gbé lẹ́tà náà wá. Ó ṣílẹ̀kùn fún un láti jáde, ó sì sáré lọ ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó ń wọlé. Omi tuntun ti rú, ẹja tuntun ti wọ̀ ọ́.

Julius Oyèníran, nítorí kò sẹ́ni tó ń pè é ní Ọ̀nọ́rébù mọ́, lọ jókòó sílé. Ìyàwó rẹ̀ wà ní Ìbàdàn lọ́dọ̀ ọmọ wọn tó bímọ. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sọ ọ̀rọ̀ ìṣíde fún fíríìjì. Lọ́sẹ̀ kejì, kò ráyè ti fíríìjì mọ́; kò ṣí i, kò jẹ ohun tó wà nínú rẹ̀. Fóònù rẹ̀ kì í dún. Aṣọ Ọjọ́bọ̀ yẹn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun alásàárì, Síkírù wá dá bàtà kan tí Julius gbàgbé sínú mọ́tò káńsù padà fún un. Ó wo irùngbọ̀n ọ̀gá rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó wo abọ́ oúnjẹ tí eṣinṣin bò. Kò lọ mọ́. Ó fa àga, ó jókòó síwájú rẹ̀ gan-an.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú sí mi. Ṣé ẹ ń rò ó láti pa ara yín?"

"Èmi?" Julius fò dìde. "Èmi Julius Oyèníran? Ẹ̀rù ikú ló ń bà mí jù láyé! Ta ló rán ọ sí mi? Ṣé o mọ ẹni tí mo jẹ́…" Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti já. Ó padà jókòó. "Rárá," ló wí wẹ́rẹ́. "Kò tíì dé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí, Dírébà. Ojú ń tì mí débi pé mi ò lè ṣí fèrèsé."

Síkírù ò sọ pé kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé ọ̀gá ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Ó ní, "Mò ń gbọ́ yín."

Julius sì sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, kò kúrú. Ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì, ẹsẹ̀ Síkírù kú mọ́ ọn lábẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí oríkì nínú ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, kò sí agbẹ̀bí. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó bi ọkùnrin náà ní orúkọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Síkírù sọ ọ́ fún un, ó gba nọ́ńbà ìyàwó Julius, ó pè é ní Ìbàdàn, ó sì kọ nọ́ńbà Nọ́ọ̀sì Basheerah sílẹ̀ fún un. Ó lọ sí ilé ìdáná, ó tẹ ẹ̀bà, ó gbé e wá. Àwọn méjèèjì jọ jẹ ẹ́.

Wọ́n fọwọ́ tán. Julius ń wo ojú ẹni tó wà níwájú rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tó ń kọ́ ìwé kà.

"Síkírù," ló wí, "ìwọ ń kọ́?"

Ó tún fẹ́ fi nǹkan kan kún un. Ó pa ẹnu dé, ó sì dúró de ìdáhùn.